Ìjàlọ àti Akika

Nínú oko àti igbó agbègbè Ìbógùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, a lè rí ẹ̀dá méjì tí ìwà wọn yàtọ̀ síra bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Ọ̀kan ni ìjàlọ, èkejì ni akika.

Ìjàlọ kéré púpọ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì lójú. Òórùn ni wọ́n fi ń tọ ipa ara wọn. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọ̀wọ́ wọn bá ya wọ ilé lóru, onílé ni yóò sá jáde; aáyán, eku, àti adìẹ tí a há mọ́ inú àgò kì í bọ́. Wọn kì í gbé ojú kan pẹ́ títí. Ìyá wọn lè yé ẹyin tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ láàrin oṣù kan. Nítorí náà, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá kú, àlàfo wọn kò hàn.

Akika ní tirẹ̀ ń dá rìn ni. Lóru ni ó ń jẹ̀. Lọ́sàn-án, inú ihò igi ni ó sábà máa ń sùn. Ìrù ni ó fi ń di ẹ̀ka mú. Kò léyín, ahọ́n gígùn tí ó ń lẹ̀ bí àtè ni ó fi ń lá èèrà àti ikán. Ìpẹ́ líle ni ó bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù. Bí ewu bá dé, a ká ara rẹ̀ kò róbótó, eyín ẹkùn pàápàá kì í sì í tètè ràn án.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹkùn ni ó fi í lé ènìyàn lọ́wọ́. Ọdẹ kò nílò ìbọn; yóò kàn bẹ̀rẹ̀, yóò sì gbé e sínú àpò. Àwọn kan ń jẹ ẹran rẹ̀, àwọn kan ń fi ṣe oògùn. Ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan ní Johannesburg láti fòfin de títà á láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn aláṣẹ Singapore gba ìpẹ́ akika tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 25 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Nàìjíríà ni a ti kó o wá. Ohun tí a ń dù bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí a fi dá èékánná ọwọ́ wa.

Níbo ni ìyàtọ̀ wọn gbé le jù? Níbi ọmọ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni akika ń bí lẹ́ẹ̀kan, èyí tí í di mọ́ ìdí ìrù ìyá rẹ̀ bí ọmọ tí a pọ̀n. Ẹni tí ó bá pa ìyá ti pa ọmọ pẹ̀lú. Bí ilé sì ti ń pọ̀ sí i láti Mọ́wé àti Ìbafọ̀ dé Ìfọ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi oníhò ń dínkù.

Ìjàlọ tí a finá jó lónìí, a ó tún rí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Akika tí a pa kò ní arọ́pò kánkán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, kí ó jẹ́ kí ó gun igi rẹ̀ lọ.