Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Èémí Yín?

Nígbà tí dókítà bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wo inú ikùn aláìsàn, tàbí tí ó fẹ́ da eegun tó yẹ̀ padà sípò, ó lè fún un ní oògùn tí ń mú ni tòògbé, bíi midazolam. Aláìsàn kò ní sùn fọnfọn. Bí a bá pè é, yóò dáhùn. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé kò léwu. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èémí ni ewu rẹ̀ wà.

Oògùn náà a máa dẹ iṣan ọ̀fun, ahọ́n sì lè ṣubú sẹ́yìn kí ó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ó tún lè sọ mímí di ìdákúrekú.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dára. Ó wúlò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Bí aláìsàn bá ń gba ọ́síjìn nímú, èémí rẹ̀ lè ti dúró kí iye náà tó já wálẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 sì fi hàn pé ẹ̀rọ náà a máa ṣì í kà lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ, tí yóò máa sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó. Nítorí náà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa wo bí àyà aláìsàn ṣe ń lọ sókè sódò, kí ó máa tẹ́tí sí èémí rẹ̀, kí ó sì máa pè é.

Ipa tiyín náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, ẹ má sì mu omi fún wákàtí 2, kí èébì má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ń hanrun gan-an, tàbí tí ẹ ń lo oògùn oorun, ẹ má fi pamọ́. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Ẹ mú ẹnìkan dání tí yóò sìn yín relé, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá.

Kí ẹ tó gba oògùn náà, ẹ béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò máa ṣọ́ èémí mi?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi; ẹ̀tọ́ yín ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.