Ìgbékọjá: Ẹrù tí Èdè àti Ọkàn ń Rù Kiri

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú wò lónìí ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní transference. Èmi ń pè é ní ìgbékọjá: kí èèyàn gbé ohun tó ti mọ́ ọn lára níbì kan kọjá sí ibòmíràn. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ekòló ò ní oró. Ẹ̀rù àná ló gbé kà á lórí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi èdè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, a ó ní “ẹ pẹ̀lẹ́”. Tó bá di Gẹ̀ẹ́sì, a ó ní “sorry”. Ará Lọ́ńdọ̀nù lè máa wò wá pé, ṣé ẹ̀yin lẹ tì mí ni? Ìbánikẹ́dùn la gbé kọjá. Òun gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́bi.

Ó wà láàárín àwa náà. Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé ní ulé, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nínú Ìjẹ̀ṣà àbáláyé, ọmọdé lè fi “ìwọ” bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àrífín níbẹ̀. Kí ọmọ náà gbé e dé Òṣogbo báyìí, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣé ọmọ ló burú ni, àbí ibi tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ló yàtọ̀?

Ìwé Uriel Weinreich ní 1953 àti ti Robert Lado ní 1957 jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ bí èdè àkọ́kọ́ ṣe ń wọ inú èkejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa rí dì mú níbẹ̀ ni ìdíwọ́, ni wọ́n bá ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìgbékọjá ń ṣèrànwọ́ náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti mọ ìdá méjì ní Yorùbá kò ní tún un kọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù.

Ti ọkàn ńkọ́? Sigmund Freud ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìtàn aláìsàn kan tó tẹ̀ jáde ní 1905. Ó rí i pé aláìsàn a máa gbé ìfẹ́, ìbẹ̀rù tàbí ìbínú tó ní sí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá sórí dókítà. Dókítà tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ni wọ́n ń bá jà. Lọ́dọ̀ tiwa, tí gbogbo àgbà ń jẹ́ bàbá tàbí ìyá, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní Aró, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé, kí ẹbí sì wà pẹ̀lú wọn. Ọgbọ́n tí èmi rí níbẹ̀ ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò jìnnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di olùkọ́, tí ọmọ kan bá ń gbọ̀n níwájú yín láìṣẹ̀, ẹ má tètè pè é ní olóríkunkun. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló ń rí lójú yín. Kí ẹ sì yẹ ara yín wò pẹ̀lú: tí ìbínú yín bá ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ béèrè pé ta lẹ ń bínú sí gan-an kẹ́ ẹ tó mú pàṣán.