Ilé Tó Gba Ìwé Ẹ̀rí

Ní oṣù kẹta ọdún, oòrùn Ìbàràpá a máa mú ganrín-ganrín. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà nínú yàrá kan ní Igbó-Ọrà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ yàrá náà, wọ́n sì fi páànù bò ó láìní àjà. Nígbà tí ooru pọ̀ jù, ìyá kan dìde, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò." A gbé pátákó jáde, abẹ́ igi la sì ti parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ilé tí a náwó lé kò ṣeé jókòó sí. Igi tí ẹnikẹ́ni kò náwó lé ló gbà wá.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé ẹ̀rí ilé. Lóde òní, wọ́n ń dán ilé wò bí a ti ń dán ọmọ ilé-ìwé wò. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń pè ní ilé aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún o! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé náà kì í fi iná, omi àti ohun ìkọ́lé ṣòfò.

Ta ni ó ń jẹ́rìí?

Àwọn àgbà Ìdèrè kò gbàgbé sòbìyà. Omi adágún ló ń kó o wọ ènìyàn lára. Àgbẹ̀ a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, igbó a sì bo oko rẹ̀. Nígbà tí àrùn náà tán ní ilẹ̀ wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa lásán. Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá láìsí ẹyọ ẹnì kan tó ní i, àwọn olùyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ wá wò ó. Ní 2013 ni Nàìjíríà tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ilé. Ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ni yóò jẹ́rìí sí i. Ẹlòmíràn ni yóò wá wọ̀n ọ́n.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1990, wọ́n ń pè é ní BREEAM. Ti Amẹ́ríkà ni LEED. Ilé ọ́fíìsì Heritage Place ní Ìkòyí, l'Ékòó, ti gba èyí. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ilẹ̀ bíi tiwa ni EDGE. IFC, tí í ṣe ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, ló gbé e kalẹ̀, ó sì wà fún ilé gbígbé pẹ̀lú.

Ohun mẹ́ta tí wọ́n ń wọ̀n

EDGE a máa fi ilé náà wé ilé lásán tó wà ní irú ibẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dín ohun mẹ́ta kù ní ìdá kan nínú márùn-ún.

Èkíní ni iná. Bí ilé lásán bá ń jẹ iná náírà 1,000, ti ilé yìí kò gbọ́dọ̀ ju 800 lọ.

Èkejì ni omi. Níbi tí ilé lásán ti ń lo garawa mẹ́wàá, mẹ́jọ ni kí ilé yìí lò.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ohun ìkọ́lé náà. Ẹ wo sìmẹ́ǹtì, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ewékorò láti 1960. Òkúta ni wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 ní òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó ń hó lórí ààrò kò ju 100 lọ!

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Ilé alámọ̀ ti àtijọ́ nípọn ní ògiri. Oòrùn ọ̀sán kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́: bí etí òrùlé rẹ̀ bá kúrú, òjò a fọ ògiri lọ. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NBRRI fi ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀pa àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pọ̀ di bíríkì líle.

Owó ni wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ń kọ́ yàrá mẹ́ta ní Èrúwà lè máà gbà á. Ṣùgbọ́n ó lè lo ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹ sọ fún bíríkìlà àti káfíńtà yín pé:

1. Kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà gbá a lójú.
2. Kí fèrèsé méjì dojú kọ ara wọn ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá.
3. Kí etí òrùlé gùn síta, kí àjà sì wà lábẹ́ páànù. Páànù funfun sàn ju dúdú lọ.
4. Kí gọ́tà gba omi òjò sínú tánkì tó ní ìdérí.
5. Kí wọ́n má gé gbogbo igi tó wà lórí ilẹ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ra o

Bí ẹ tàbí ọmọ yín bá fẹ́ ra ilé ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, tí ẹni tó ń tà á sì ní ilé aláwọ̀ ewé ni, ẹ má tíì kówó jáde. Ẹ béèrè pé: ta ló wọ̀n ọ́n? Ìwé wo ló gbà? Ìwé EDGE pín sí méjì. Àkọ́kọ́ dá lórí àwòrán ilé nìkan. Ìkẹyìn ni wọ́n ń fúnni lẹ́yìn tí olùyẹ̀wò bá ti yẹ ilé tí a kọ́ tán wò. Àwòrán lè dára kí ilé má dára. Ẹni tí kò bá lè kà á yóò gba èyí tí wọ́n bá nà sí i.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Owó tí a fi ogún ọdún kó jọ, ẹ jẹ́ ká fi ojú tó mọ ìwé ṣọ́ ọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí EDGE ń wọ̀n?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìwé àkọ́kọ́ àti ìwé ìkẹyìn?
3. Lọ sílé, kí o wo fèrèsé rẹ. Ṣé atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá?