Ojúlé dé Ojúlé ni Wọ́n Fi Lé Ebola Kúrò l'Ékòó

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ Liberia kan, ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Láti Monrovia ló ti wá, ó gba Lomé kọjá. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ọ́baléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló fura sí Ebola, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní í jáde, bí àwọn aláṣẹ Liberia ṣe ń fúngun mọ́ ọn tó. Àrùn yẹn náà ló pa dókítà yìí nínú oṣù Kẹjọ. Gbèsè ọpẹ́ tí Èkó jẹ ẹ́ kò ṣeé san tán.

Ta wá ni gbogbo ẹni tó ti fara kan Sawyer? Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. A dúpẹ́ pé ètò ti wà nílẹ̀: láti ọdún 2012 ni ìjọba ti dá ibùdó pàjáwìrì sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ojúlé dé ojúlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Dókítà Faisal Shuaib wá ṣe olórí ibùdó ti Ebola.

Ọjọ́ 21 ni àrùn yìí lè fi sá pamọ́ sára. Nítorí náà, fún ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti fara kan aláìsàn, tí wọ́n ń bi í bóyá ó bì tàbí orí ń fọ́ ọ, tí wọ́n sì ń wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Bó bá ti gbóná, ó di ilé ìwòsàn ní Yaba fún àyẹ̀wò. Kò rọrùn o. Bí aládùúgbò bá ti gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe, wọn kì í fẹ́ bá onílé náà ra, wọn kì í fẹ́ bá a tà. Àwọn mìíràn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀, wọ́n ń mu ún, nítorí irọ́ tó gba orí fóònù.

Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ yọ́ lọ sí Port Harcourt. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níkọ̀kọ̀ níbẹ̀ kó àrùn náà, dókítà náà sì kú. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pọ̀ ènìyàn kiri níbẹ̀.

Gbogbo ẹni tí wọ́n ṣọ́ jẹ́ 894, ìbẹ̀wò sì tó nǹkan bí 18,500. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ kú. Nígbà tí ọjọ́ 42 pé láìsí aláìsàn tuntun, ìyẹn 21 lọ́nà méjì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.