Kí Ẹ Tó Gun Òkè Gíga



Ní ọ̀dọ̀ wa ní Avrankou, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó dúró ní ìdí ọ̀pẹ rẹ̀ kò fi 100 mẹ́tà ga ju òkun lọ. Àwọn òkè tó wà ní Atakora, lápá àríwá Benin wa, kò tó 700 mẹ́tà. Òkè Agou ní Togo kò tó 1,000 mẹ́tà. Bí ẹ bá gun irú àwọn wọ̀nyí, ẹ ó làágùn, ẹsẹ̀ á ro yín, ó tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kì í jókòó sójú kan. Wọ́n ń lọ sí Kamẹrúùnù lọ ṣòwò, lọ wá iṣẹ́. Òkè kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Fako, tí ìwé ń pè ní òkè Kamẹrúùnù. Ó lé ní 4,000 mẹ́tà. Ìlú Buea ló wà ní ìdí rẹ̀.

Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje gun òkè yìí. Àwọn tó ń sá a ń gùn ún, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Obìnrin kan, Sarah Etonge, borí nínú eré náà nígbà méje. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn pé: «Èmi tí mò ń gun ọ̀pẹ mẹ́wàá kí oòrùn tó mú, kí ni òkè máa fi mí ṣe?» Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Agbára ẹsẹ̀ nìkan kò tó lórí òkè gíga. Alágbára tó bá kánjú lè ṣubú níbẹ̀ kí arúgbó tó ń rọra rìn tó rẹ̀.

Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi òwú ṣe àlàyé. Bí ẹ bá kó òwú kún agbọ̀n ńlá kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo ìyókù jókòó lé lórí. Ó tẹ̀ mọ́ra, ó ki. Èyí tó wà lókè fúyẹ́, ó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nísàlẹ̀, òwú púpọ̀ ni ẹ bù. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè, ọwọ́ kún lóòótọ́, àmọ́ òwú inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ rí. Avrankou wà nísàlẹ̀ agbọ̀n. Orí òkè Fako wà lókè nínú agbọ̀n náà. Bí ẹ bá mí lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, ohun tí ara ń rí gbà kò ju bíi 60 lọ nínú 100 tí ẹ ń rí gbà nílé. Lórí Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga ní 5,895 mẹ́tà, ìdajì ni.

Ara kò burú, ó lè kọ́ bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ gbé. Àmọ́ ó fẹ́ àyè. Ọjọ́ ló fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe wákàtí.

Bí ẹ bá ti kọjá 2,500 mẹ́tà láìfún ara láyè, àìsàn òkè lè bẹ̀rẹ̀. Orí á máa fọ́ yín. Inú á máa rú, oúnjẹ kò ní wù yín. Òòyì á máa kọ́ yín, oorun kò ní wá. Àìsàn yìí kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12 kó tó fara hàn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn eléré ìje fi lè bọ́: wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó mú wọn. Ẹni tó fẹ́ sùn sókè ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù.

Ẹlòmíràn á rò pé ibà ni. Á gbé oògùn ibà mì, á sì tún máa gòkè lọ. Ẹlòmíràn mọ̀ pé òun kò gbádùn, àmọ́ ojú ń tì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á ní kò sí nǹkan kan. Ní tèmi, ìtìjú yìí léwu ju òkúta lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ ti ṣe àdéhùn láti ilé: ẹni tí orí bá ń fọ́, kó sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí orí bá ń fọ́ díẹ̀, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ sinmi, ẹ mu omi. Bí ó bá lọ, ẹ lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí a kì í dúró wò. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ tí kò lè mí dáadáa, tó ń wúkọ́, tí itọ́ rẹ̀ ń hó, tó sì pọ́n díẹ̀, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá ń rìn bí ẹni tó mutí yó, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, ọpọlọ rẹ̀ ń wú. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ lóru náà, kí ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ẹ bá sọ̀ tó 500 tàbí 1,000 mẹ́tà, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lọ rí dókítà.

Báwo ni a ṣe ń fún ara láyè? Bí ẹ bá ti kọjá 3,000 mẹ́tà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ibi tí ẹ ó sùn lónìí fi ju 500 mẹ́tà ga ju ibi tí ẹ sùn lánàá. Ní ọ̀sán, ẹ máa rìn débi pé ẹ lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já mọ́ yín lẹ́nu, ẹ ti ń yára jù.

Òtútù ńkọ́? Ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí a bá gòkè ní 1,000 mẹ́tà, ooru á dín ní nǹkan bíi digiri 6. Ká ní ó jẹ́ digiri 30 létí òkun. Fako jẹ́ 1,000 lọ́nà 4. 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24. Bí a bá yọ 24 nínú 30, ó ku 6. Digiri 6 nìyẹn lọ́sàn-án, kí afẹ́fẹ́ líle tó fẹ́ lù yín, kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ òjò. Aṣọ òwú tó bá ti tutù kì í tètè gbẹ lókè, ẹ mú òmíràn tí ẹ ó pààrọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ará wa máa sọ: ẹ fún wa ní sódàbì, òtútù á lọ. Rárá o. Sódàbì ń jẹ́ kí awọ ara gbóná fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ooru inú ara ló ń kó jáde. Ó tún ń bo àmì àìsàn òkè mọ́lẹ̀, nítorí ta ló máa mọ̀ bóyá ọtí ló ń pa yín tàbí òkè?

Òkè iná ni Fako. Ní ọdún 1999, òkúta yíyọ́ ṣàn láti inú rẹ̀ títí ó fi dí ọ̀nà mọ́tò tó wà lẹ́bàá òkun. Òkúta rẹ̀ ń fa omi mu bí iyanrìn, nítorí náà omi mímu ṣọ̀wọ́n lókè. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ń rọ̀! Ní Debundscha, ní ìdí òkè náà létí òkun, òjò ọdún kan lé ní 10 mẹ́tà. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Kingsley, gun òkè yìí ní 1895. Nínú òjò àti kùrukùru ló dé orí rẹ̀, kò rí nǹkan kan wò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ló dára. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà 3 tàbí 4 fún ọjọ́ kan. Ẹ mú gàrí, ẹ̀pà yíyan àti ṣúgà. Ẹ má gbé ẹ̀wà dání: omi tètè ń hó lókè láìtíì gbóná tó, ẹ̀wà kò ní í rọ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde kò gbọdọ̀ gun irú òkè yìí rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dí ọ̀nà inú ara, ìrora ńlá á dé, ó sì lè kú. Ẹni tí kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó múra. Aláboyún, kó dúró sílé. Ẹni tí àyà tàbí èémí ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà.

Báwo ni ará Avrankou ṣe máa múra nígbà tí kò sí òkè? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ di ẹrù kílò 10 sẹ́yìn, ẹ máa rìn wákàtí méjì, mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní ẹbí ní Nàìjíríà lè lọ gun òkè Ìdànrè: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Bàtà tí ẹ ó wọ̀ lọ ni kí ẹ máa fi rìn, kó lè mọ ẹsẹ̀ yín nílé. Bàtà tuntun ń bó ẹsẹ̀.

Láti ìparí ọdún 2016 ni rògbòdìyàn ti dé sí apá Buea, ìbọn sì ti ń dún níbẹ̀ láti ọdún 2017. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọ̀nà dára. Bí ó bá dára, ẹ gba afinimọ̀nà ní Buea, ẹ má dá lọ. Ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ ẹbí yín àti nọ́mbà tẹlifóònù wọn sí ìwé kan, kí ẹ fi sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń dá orúnkún lóró ju gígun lọ. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ìka ẹsẹ̀ á máa gbá imú bàtà ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ mú igi tó lágbára, kí ẹ máa fi ti ilẹ̀, kí ẹ má sì sáré. Bí ẹ bá fi máa padà dé Buea, ebi á máa pa yín gan-an. Ìgbà yẹn ni kí ẹ béèrè ẹ̀wà.