Sinimá Aago Mẹ́rin ní Obbo-Ilé

Bàtà ni mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà: sílípáàsì onírọ́bà, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà ọmọdé tí okùn rẹ̀ ti já, gbogbo wọn gun ara wọn lórí simẹ́ńtì tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni, ọjọ́ Sátidé. Ọkọ̀ tó gbé mi láti Ìlọrin ti gba Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti Òsì kọjá, eruku ojú ọ̀nà ṣì wà láàárín eyín mi.

“Ẹ kú ulé o,” ni mo fi ohùn àwọn ará ibẹ̀ kí wọn. Màmá onílé rẹ́rìn-ín.

“Ẹ wọlé kíá, kí ẹ fa ilẹ̀kùn dé. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé.”

Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò ní ẹwà kankan. Pákó lásán ni, wọ́n lẹ fóòmù ibùsùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Òsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ìlú Àrẹògún, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1954, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn débi pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílé àti lókè òkun. Àrẹògún kò ní ka tibí yìí sí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fà á dé báyìí, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ti ń gbọn mí létí ká kúrò.

Òkùnkùn biribiri. Mo dúró títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Yàrá ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, tí wọ́n fi simẹ́ńtì rẹ́, ògiri rẹ̀ nípọn bí ògiri àwọn baba wa ṣe máa ń nípọn, wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé méjèèjì, wọ́n kó fóòmù lé pákó, wọ́n wá ta kọ́tìnnì dúdú tó wọ́ délẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ tán, káfúrà lára aṣọ àwọn ìyá, ẹ̀pà sísun àti òógùn pọ̀ mọ́ra wọn, fáànù kan ṣoṣo sì ń gbé ooru láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹnì kejì. Èèyàn tó wà níbẹ̀ lé ní ogún. Àga onítìmùtìmù mẹ́ta péré ló wà. Àwọn tó kù wà lórí ẹní.

Bàbá onílé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó síwájú, rìmóòtù wà lórí itan rẹ̀. Ó ní ìta gbangba ni àwọn ti ń wo sinimá nígbà èwe òun. Àwọn òṣèré alárìnjó ló ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ kiri fúnra wọn láti ìlú dé ìlú, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tí wọ́n bá fi í lé lọ́wọ́ lè dà á kọ. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ Agbamú ní Kwara níbí náà, wà lára wọn. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì gba iṣẹ́ náà ṣe: wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n á fi eré Mount Zion hàn, ẹgbẹ́ tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985, gbogbo àdúgbò á sì gbé àpótí wá láti jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ 18 Oṣù Kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkù, tí kò jìnnà síbí, níbi tí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa èèyàn. Wọ́n kó èèyàn 38 lọ, àwọn tí wọ́n kó náà sì gba ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó síta lálẹ́ wo nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí sinimá Bàbá fi ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin, kí oníkálùkù lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìmọ́lẹ̀ pirojẹ́tọ̀ kò sì lè bá oòrùn ọ̀sán du ojú ògiri. Wọ́n dí fèrèsé.

Ọmọkùnrin tó ṣe yàrá náà, oníṣẹ́ iná láti Òmù-Àrán, tan fóònù rẹ̀ kí n lè ríran. Pirojẹ́tọ̀ tó so rọ̀ láti ara sílíìnì kò ju páálí bàtà lọ. Sípíkà jẹ́ márùn-ún: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn àwọn tó jókòó, wúfà ràgàjì kan sì wà nílẹ̀ nígun.

“Èyí tó wà láàárín yìí ló ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu,” ó fọwọ́ lù ú. “Orin àti ìlù ń gba ẹ̀gbẹ́. Bí Bàbá àgbà kan ò bá gbọ́rọ̀ dáadáa, tàárín nìkan ni mo máa gbé sókè, n ò ní fi ìlù di àwọn yòókù létí.”

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò kò lè ṣe èyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni sípíkà kékeré rẹ̀ sábà máa ń wà, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Iná ìjọba kò sí lọ́jọ́ náà. Sólà orí páànù àti bátìrì kan tó wà ní kọ̀rọ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ló sì jẹ owó jù, ju pirojẹ́tọ̀ àti sípíkà lọ. Màmá fi òfin tirẹ̀ kún un: fíìmù oníbọn kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà mọ́. Wúfà gbé ìró ìbọn jáde lọ́jọ́ kan, àwọn aládùúgbò sì ti ilẹ̀kùn wọn.

Aníkúlápó ni wọ́n fẹ́ wò, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní Oṣù Kẹsàn-án 2022. Bàbá sọ fún wọn pé ọmọ Adé Love ló ṣe é.

“Ọmọ Agbamú!” Ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tún gèlè rẹ̀ wé.

Dátà fóònù ni wọ́n ń lò, nítorí náà òrùka pupa ń yí lójú aṣọ àwòrán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á sì máa kà á: “Ení, èjì, ẹ̀ta...” Nígbà tí ẹyẹ Àkàlà inú fíìmù náà fò wọlé, mo lè búra pé ẹ̀yìn wa ni ìró ìyẹ́ rẹ̀ ti wá, tó gba orí wa kọjá. Ọmọdé méjì gbójú sókè wo sílíìnì.

Sàró, ahunṣọ inú ìtàn náà, jókòó ti òfì. Ìyá àgbà yẹn ní kí wọ́n dá a dúró ná. Bàbá tẹ rìmóòtù. Ìyá dìde, ó rọra gba àárín àwọn ọmọ kọjá, ó na ìka sí òwú lójú àwòrán, òjìji ọwọ́ rẹ̀ bo òṣèré mọ́lẹ̀. “Òfì ọkùnrin nìyí, ilẹ̀ ló ń gbà lọ. Tiwa obìnrin, a máa ń gbé e dúró ti ògiri ni, òun la fi ń hun kíjìpá.” Ó fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀pá. Ó padà jókòó. Fíìmù tẹ̀ síwájú. Ní sinimá Ìlọrin, ta ni yóò dá a dúró fún un?

Ní àdúgbò Bàbá, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù níbì kan tí wọ́n ti ń gbowó wọlé, ọkùnrin ló sì ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Màmá ní òun kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Nínú yàrá yìí, ọkùnrin mẹ́rin ni mo kà, Bàbá àti oníṣẹ́ wà lára wọn.

Òjò dé. Ó kọ́kọ́ ta pó-pó, lẹ́yìn náà ó da ara rẹ̀ lé páànù lórí, ẹnu òṣèré ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Oníṣẹ́ gbé tàárín sókè. Ó tún gbé e sókè. Pàbó. Bàbá dá fíìmù dúró, wọ́n gbé ẹ̀pà yí ká, ìròyìn ìlú bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan sùn sórí ẹsẹ̀ mi.

Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ ni fíìmù náà. Òjò ti gba apá kan lára àsìkò. Nígbà tó kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀, tí Sàró kò tíì kan ìjàngbọ̀n ìkẹyìn rẹ̀, Bàbá pa á.

“Háà, Bàbá!”

“Ẹni tó ń gba ọ̀nà odò lọ, kó dìde. Ó di Sátidé.”

Wọ́n ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n dìde. Níta, bàtà ti tutù rin, ìyá méjì ń fa ẹsẹ̀ sílípáàsì kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Obìnrin kan dá oníṣẹ́ dúró: òun náà ní yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, èló ni yóò ná òun? Kò dá iye kankan. Ó bi í bóyá yàrá náà ní sílíìnì, obìnrin náà ní páànù lásán ni. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè yẹn ná, Màmá,” ó ní. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bàbá ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta plywood kan ní Òmù-Àrán báyìí, àti bóyá fóòmù tó ṣẹ́ kù lè tó fún sílíìnì ẹlẹ́ẹ̀kejì.