Èwo Ni Kí N Mú? Bí Ẹni Tuntun Ṣe Lè Yan Ẹ̀dá Tirẹ̀ Nínú D&D

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táámù yìí ni àwa kan ti máa ń jókòó ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu aago ìparí, tí à ń ṣe eré Dungeons & Dragons, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní D&D. Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ bá wa ṣe é máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èwo ni kí n mú?" Mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí, kí gbogbo wa lè kà á pọ̀.

Irú eré wo ni?

Kò dà bíi lúdò, torí kò sí ẹni tó ń borí ẹnì kejì. Ẹnì kan máa ń jẹ́ atọ́kùn. Òun ló ń sọ ìtàn, òun náà ló sì ń ṣe gbogbo ọ̀tá tí ẹ bá bá pàdé. Àwọn yòókù á mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, a ó ju dáìsì olójú 20 láti mọ̀ bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ rí dáìsì lórí tábìlì wa, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe tẹ́tẹ́ o. Kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Idán inú rẹ̀ náà kò ju ti inú àlọ́ ìjàpá lọ.

Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe eré náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e jáde lọ́dún 1974. Oríṣi ẹ̀dá mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Ọdún 1975 ni wọ́n fi olè kún un. Nígbà tó fi máa di ìwé ọdún 2014 tí àwa ń lò, wọ́n ti di 12. Kíláàsì ni wọ́n ń pe oríṣi kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kíláàsì tí à ń jókòó sí o. Ó sún mọ́ ohun tí à ń ṣe ní SS1, nígbà tí wọ́n bá ní ká yan Sáyẹ́ǹsì, Áàtì tàbí Kọmáṣà. Èyí tó o bá yàn ló máa sọ irú iṣẹ́ tí wàá máa ṣe.

Àmọ́ 12 ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin kékeré tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mú mẹ́rin péré nínú wọn: Fighter, Rogue, Cleric àti Wizard. Àwọn mẹ́rin yẹn ni màá ṣàlàyé.

Kí ló fà á tí wọn ò fi rí bákan náà?

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fagunwa kọ ti mọ ìdáhùn. Àwọn ọdẹ tó lọ sí Òkè Láńgbòdó, ohun tí kálukú gbé dání yàtọ̀: Kàkò ní kùmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí D&D náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́fà: agbára, ìyára, ìfaradà, òye ìwé, ọgbọ́n, àti ẹnu dídùn. Òǹkà mẹ́fà ni wàá pín fún wọn: 15, 14, 13, 12, 10 àti 8. Ibi tó o bá fi 15 sí ló ṣe pàtàkì jù.

Fighter. Jagunjagun ni. Agbára ni kó o fún ní 15. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: dúró níwájú, gé ọ̀tá, má jẹ́ kí wọ́n kọjá lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí ara bá ń ro ó, ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì gba ẹ̀mí díẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ó di ìgbà tó bá sinmi. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìwé kíkà púpọ̀, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Rogue. Ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́ ni. Ìyára ni kó o fún ní 15. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rìn kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti dúró ti ọ̀tá kan, ọfà Rogue á fi dáìsì olójú 6 kan kún ìyà ọ̀tá náà. Torí náà, má sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tiẹ. Má sì jí ẹrù wọn o, ìjà gidi lèyí máa ń dá sílẹ̀.

Cleric. Àlùfáà ni. Ọgbọ́n ni kó o fún ní 15. Ó ń wo ọgbẹ́ sàn, ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ó lè wọ ẹ̀wù onírin, ó lè gbé asà, ó sì lè bá Fighter dúró níwájú.

Wizard. Onídán oníwèé ni. Òye ìwé ni kó o fún ní 15. Idán mẹ́fà ló wà nínú ìwé rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn kéékèèké. Idán kan wà nínú wọn tó ń ta ọfà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tí kì í tàsé. Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré lo lè pe irú idán bẹ́ẹ̀ kó o tó ní láti sinmi, wàá sì kàwé kó o tó wá síbi eré.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Fún àwọn méjèèjì ní 14 nínú ìfaradà, ẹ̀mí Fighter á jẹ́ 12, ti Wizard á jẹ́ 8. Goblin kan yọ idà. Kó tó lè gé Fighter tó wọ ẹ̀wù onírin tó sì gbé asà, dáìsì olójú 20 rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú méje nínú 20 nìyẹn. Fún Wizard tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 14, tí kò wọ ẹ̀wù ogun, 8 ti tó, ìyẹn ojú 13 nínú 20. Idà goblin máa ń gba ẹ̀mí 3 sí 8. Ìyẹn ni pé ìgé kan ṣoṣo lè gbé Wizard ṣubú. Ẹni tó bá mú Wizard, ẹ̀yìn ni kó dúró sí jàre.

Ta ló yẹ kó yàn án?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ dé. Ọmọbìnrin SS1 kan wá bá wa ṣeré ní táámù yìí. Kó tó jókòó ni ẹnì kan ti na ìwé Cleric sí i pé òun ló kù, pé obìnrin ló mọ ìtọ́jú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọgbẹ́ àwọn ọkùnrin ló ń wò. Kò tíì padà wá. Ẹni tó lè ta wá yọ nínú eré yìí la fi lé lọ bẹ́ẹ̀.

Kò sí ojú ìwé kankan nínú òfin tó ní dandan ni kí Cleric wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ mú un, atọ́kùn lè fi ìgò oògùn sójú ọ̀nà. Ìgò kan ń dá ẹ̀mí 4 sí 10 padà, ẹnikẹ́ni ló sì lè mu ún. Atọ́kùn tún lè dín goblin kù. Nítorí náà, a ti fẹnu kò sí i báyìí pé ẹni tuntun ni yóò kọ́kọ́ yàn, àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ á wá mú èyí tó bá ṣẹ́kù.

Tó o bá ń bọ̀, bi ara rẹ ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé iwájú ni mo fẹ́ wà ni, àbí ẹ̀yìn? Báwo ni ìwé tí mo fẹ́ kà ṣe pọ̀ tó? Kí ni mo fẹ́ káwọn èèyàn rántí pé mo ṣe nínú ìtàn náà? Ìbéèrè kẹta yẹn ló lágbára jù. Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ Wizard láìka goblin sí, mú Wizard.

Bí èyí tó o mú kò bá sì bá ọ lára mu, pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sáyẹ́ǹsì àti Áàtì kò rọrùn láti pààrọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá àti ìyá náà á sì fẹ́ dá sí i. Tiwa kò gbà ju pẹ́ńsù àti ìrésà lọ. Mú méjèèjì dání wá lọ́jọ́ Ẹtì.